Ta Ló Ni Ìsọ̀? Ìbéèrè fún Ẹbí Tí Wọ́n Jọ Ń Ṣòwò, Kí Ọdún Tó Parí

  

Bí ẹ bá dé ìlú wa Ìsẹ́yìn ní àkókò yìí, ẹ óò gbọ́ ìró òfì láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá kírun alẹ́ tán, àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá. Oṣù Dìsẹ́ḿbà ni oṣù ìgbéyàwó, oṣù ìṣílé, oṣù ìnáwó òkú àgbà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a kì í ti í wá aṣọ òfì. Àwọn tí ń gbé ní Èkó ń pè wá lórí fóònù, àwọn tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ń pè wá, oníkálukú ní kí a bá òun tètè parí tòun. Ẹnìkan fẹ́ sányán, ẹnìkan fẹ́ àlàárì, ẹnìkan fẹ́ ẹtù, ẹlòmíràn sì fẹ́ àwọ̀ tí àwọn bàbá ńlá wa kò rí rí láyé. A ó hun ún fún un náà ni.

Owó ń wọlé. Ṣùgbọ́n àkókò tí owó ń wọlé jù yìí gan-an ni àkókò tí a kì í ka owó. À ń gbà á, à ń ná an, à ń dúpẹ́. Bí Jánúárì bá dé tí ọjà bá dákẹ́, a óò wá máa wo ojú ara wa pé, níbo ni owó náà gbà lọ?

N kò wá bá yín sọ̀rọ̀ ìnákúnàá. Wọ́n ti sọ ìyẹn fún yín tó lórí mímbárì. Ìbéèrè kan ni mo mú wá, ó sì kúrú: ìsọ̀ tí ẹbí yín jọ ń tà yìí, ta ló ni ín? Mo fẹ́ kí ẹ dáhùn rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí, kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà níjòókòó, kí ẹ sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, akọ̀wé mọ́sáláṣí àdúgbò wa ni mí. Ilé kéwú ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀. Ti òyìnbó kò kọjá ìwé mẹ́fà. Bí a bá so yìgì, èmi ni mò ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ènìyàn bá kú, tí àwọn àlùfáà bá jókòó láti pín ogún rẹ̀, èmi náà ni mò ń di kálàmù mú. Ibi ogún pípín yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin ahunṣọ kan kú ní ìlú wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, wọ́n sì lè máa ka ìwé ìròyìn yìí. Ìyàwó méjì ni ó fi sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìsọ̀ rẹ̀ kún. Òwú wà ní àpò àpò, aṣọ tí a ti dì wà lórí pákó láti ìsàlẹ̀ títí kan àjà.

Nígbà tí a jókòó, ìyáálé ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Yàtọ̀ sí ìkíni, n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ forí jì mí o. Kí ẹ tó pín in, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ìdajì ìsọ̀ yẹn, èmi ni mo ni ín." Ó ní nígbà tí òun wọlé ọkọ òun, òfì kan ṣoṣo ni ó ní, kò sì sí òwú tí yóò fi hun aṣọ. Ó ní òun ta wúrà ọrùn òun, èyí tí ìyá òun fún òun, òun gbé owó náà lé ọkọ òun lọ́wọ́ pé kí àwọn jọ fi ṣòwò. Láti ìgbà náà ni òun ti ń ká òwú, tí òun ń gbé aṣọ lọ sí ọjà Ìbàdàn, tí òun ń gba gbèsè kiri.

Lèmọ́mù bi í pé, "Ìyá, ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí ẹ fẹ́ pín ogún rẹ̀ yìí ni ẹlẹ́rìí mi."

Àwọn àbúrò olóògbé kò gbà. Wọ́n ní ohun tó bá wà nínú ìsọ̀ ọkùnrin, ti ọkùnrin ni. Ìyàwó kékeré kò mọ nǹkan kan nípa wúrà, kò sì ṣeé bá wí, kò tíì dé ilé náà nígbà náà. Àwọn ọmọ ní àwọn mọ̀ pé ìyá àwọn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n pé ìdajì jẹ́ tirẹ̀, bàbá àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn rí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé, ẹ mọ bí Àlùkùránì ti pín ogún nínú Súrátù Nísáì. A ó kọ́kọ́ san gbèsè òkú, a ó yọ ohun tí ó sọ pé kí a fi tọrẹ. Lẹ́yìn náà, bí ọkùnrin bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó. Bí ìyàwó bá jẹ́ méjì, tàbí mẹ́ta, tàbí mẹ́rin, ìdá kan yẹn náà ni wọn yóò jọ pín. Ẹ jẹ́ kí n fi iye tó rọrùn ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe iye tiwọn. Bí gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ N8,000,000, ti àwọn ìyàwó méjèèjì jẹ́ N1,000,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba N500,000. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ̀ dájú pé ìdajì ìsọ̀ jẹ́ ti ìyáálé, ìdajì yẹn kò wọ inú ogún rárá. Yóò kọ́kọ́ kó N4,000,000 rẹ̀ kúrò, yóò sì tún gba N250,000 nínú ogún tó kù. N4,250,000 ni ìyẹn. Ẹ fi wé N500,000.

Ẹ má ṣe sọ pé ẹ̀sìn ló rẹ́ obìnrin náà jẹ. Ohun tí a fi ẹnu sọ nínú yàrá láàrin ọkọ àti aya, tí ẹnì kejì sì ti bá a wọ sàréè, àlùfáà wo ni yóò pín in? Èmi ni mo kọ ìwé ìpín náà. Nígbà tí mo kọ ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún síwájú orúkọ rẹ̀, ọwọ́ mi wúwo. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ dá nǹkan jọ fún un lẹ́yìn náà nínú ìpín tiwọn, Ọlọ́run yóò san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n oore ni ìyẹn. Obìnrin tó ti fi ẹ̀yìn gbé aṣọ lọ sí ọjà Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin oore àti ẹ̀tọ́.

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí. Nígbà tó ṣe, mo bi í pé, "Ìsọ̀ wa yìí, ta ló ni ín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Àlùfáà. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń bu owó inú rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Òwú àti aṣọ òfì ni a ń tà. Nínú owó tí a fi bẹ̀rẹ̀, apá kan wá láti inú alùpùpù tí mo tà, apá kejì wá láti inú èésú tí ìyàwó mi kó. Òun ló ń jókòó tì í láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Èmi ń lọ, mò ń bọ̀, nítorí iṣẹ́ mọ́sáláṣí. Ní ọdún kan, nígbà tí ìjọ ń dáwó òrùlé, mo yà sí ìsọ̀, mo ka N50,000 nínú àpótí owó, mo gbé e lọ. Wọ́n pe orúkọ mi lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ṣe àdúà fún mi, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó, òun náà ṣe àmín. Owó òwú ni. Ẹni tó tà á fún wa wá gba owó rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ló dúró tí ó ń bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn oníbàárà. N kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Sàráà yẹn, ṣé tèmi ni tàbí tirẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi.

Láti ọdún náà ni a ti ń jókòó. Bí a ti ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé ọdún wo ni mò ń wí, nítorí Mùsùlùmí ní ọdún tirẹ̀. Òtítọ́ ni. Ọdún tiwa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Múhárámù, ó sì parí ní oṣù Súlíhíjà, oṣù Iléyá. Láyé Kàlífà Umar ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún láti ìgbà Híjírà, nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Ọdún 622 ni nínú kíkà òyìnbó. Oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń kà á, nítorí náà ọjọ́ 354 tàbí 355 ni, ti òyìnbó sì jẹ́ 365 tàbí 366. Nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ló fi kúrú. Ọjọ́ mọ́kànlá kò jọ nǹkan lójú. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó bá ń fi Dìsẹ́ḿbà ka sàká rẹ̀, láàrin nǹkan bí ọdún 33, yóò ti jẹ sàká ọdún kan gbáko ní gbèsè láìmọ̀.

Nílé wa, ọjọ́ méjì ni a ní. Ọjọ́ sàká wa wà nínú Múhárámù, a kì í yẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ ìjókòó ẹbí wà ní òpin Dìsẹ́ḿbà, nítorí àwọn ọmọ ti dé láti ilé ìwé, àbúrò mi tó wà ní Èkó ti wálé, àwọn oníbàárà sì ti gba aṣọ wọn. A ń ka ọjà ní ọjọ́ méjèèjì. Kíka ọjà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ní ọjọ́ ìjókòó, a máa ń ti ìsọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ óò máa kà á bí ẹ ti ń tà á. N kò tíì rí ẹni tó ṣe é tí kò dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. A ó tẹ́ ẹní, a ó kó gbogbo ọjà sórí rẹ̀. Ọmọ kan ń kà, ọmọ kejì ń kọ. Òwú ní tirẹ̀, aṣọ tó ti parí ní tirẹ̀, èyí tó ṣì wà lórí òfì ní tirẹ̀. Ohun tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá tàbí tí àṣà rẹ̀ ti kọjá, a ó yọ ọ́ sọ́tọ̀, a kò sì ní tan ara wa jẹ pé iye tí a rà á ló ṣì tó. Nígbà kan, a rí ìdì gèlè aláwọ̀ ọsàn kan lábẹ́ àwọn àpò, tí gbogbo wa ti gbàgbé. Ìyàwó mi ní yóò ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Owó tó sùn ni, a sì ń yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní gbogbo ìgbà tó fi sùn.

Iye wo ni kí a kọ síwájú ọjà? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ṣìnà láti ọdún 2023. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 29 oṣù Máàyù ọdún náà ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti parí, nígbà tó sì di oṣù Júùnù, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ó máa bá ọjà lọ. Ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun bọ̀ fò sókè, òwú tí a fi ń hun aṣọ sì wà lára wọn. Ẹ wo ahunṣọ kan tó ra àpò òwú ní N20,000. Ó hun ún, ó tà á, lẹ́yìn tó san owó iṣẹ́ tán, N30,000 kù sí i lọ́wọ́. Ó ní òun jèrè N10,000. Ó fi ra ẹran, ó fi ra bàtà fún ọmọ. Nígbà tí ó padà dé ọ̀dọ̀ olówùú, wọ́n ní àpò kan ti di N32,000. Èrè dà? Ojú owó ló ti jẹ. Bí ó bá ń ka ọjà rẹ̀ ní iye tó rà á nígbà kan, kò ní mọ̀ títí ìsọ̀ yóò fi gbẹ. Nítorí náà, iye tí ọjà yóò tà lónìí ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ óò fi ra òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Iye òní yìí náà ni ti sàká. Àwa tí a kọ́ ìmọ̀ ní ọ̀nà Imam Malik, bí ọ̀pọ̀ ilé kéwú ilẹ̀ wa ti ń ṣe, a kà á nínú Risala tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ pé irú oníṣòwò méjì ló wà. Ọ̀kan ra ọjà, ó gbé e pamọ́, ó ń retí kí ó wọ́n. Ìyẹn yóò yọ sàká ọdún kan nígbà tó bá tà á, bí ó tilẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì ni ẹni tí ń rà tí ń tà lójoojúmọ́, tí kò dúró de ọ̀wọ́n. Òun ló gbọ́dọ̀ máa díye lé ọjà rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwa onísọ̀, ìkejì ni wá. Òfì, ọ̀kọ̀, àga àti ilé ìsọ̀ kò sí nínú rẹ̀, irinṣẹ́ ni wọ́n. Ẹ ó ro iye ọjà pọ̀ mọ́ owó ọwọ́ àti gbèsè tó dájú pé a ó san. Bí ọjà bá jẹ́ N3,400,000, tí owó ọwọ́ jẹ́ N400,000, tí gbèsè tó dájú jẹ́ N200,000, gbogbo rẹ̀ di N4,000,000. Bí èyí bá ti pé gbèdéke, ìdá kan nínú ogójì ni sàká, ìyẹn N100,000. Gbèdéke náà ni iye wúrà gíráàmù 85 tàbí fàdákà gíráàmù 595. Iye méjèèjì ń yí padà, nítorí náà ẹ bi àlùfáà yín ní ọjọ́ sàká gan-an èyí tí ẹ ó lò, kí ẹ sì sọ gbèsè tí ẹ̀yin náà jẹ fún un, nítorí ìyẹn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń fọ́n owó fún alágbe láti Jánúárì dé Dìsẹ́ḿbà, tí wọ́n gbà pé àwọn ti yọ sàká. Sàráà ni ìyẹn. Kò rọ́pò rẹ̀.

Mo dárúkọ gbèsè tó dájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ mọ̀ pé gbèsè tí kò dájú ló pọ̀ jù. Aṣọ ẹbí! Ẹnìkan yóò kó aṣọ fún ogójì ènìyàn, yóò san ìdajì, yóò ní bí àwọn ẹbí bá ti san tiwọn òun ń bọ̀. Wọ́n ti jẹ, wọ́n ti jó, wọ́n ti ya fọ́tò, aṣọ ti ń gbó lọ lọ́rùn wọn, ẹ̀yin ṣì ń pe fóònù tí wọn kò gbé. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú gbogbo Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrátù Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè kíkọ ló dá lé? Kí a kọ ọ́, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí ẹlẹ́rìí wà, kí ó má sú wa bí ó kéré bí ó tóbi. Ẹni tó bá ní kíkọ gbèsè kì í ṣe ìwà ọmọ ìyá, ẹ sọ fún un pé Ọlọ́run ló ní kí a kọ ọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú sí mi. Mo ti rí ìwé gbèsè yín. Ẹ óò kọ "Ìyá onígèlè pupa, 2", ẹ óò fa ilà méjì sí i, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tí ìyá náà jẹ́ àyàfi ẹ̀yin. Bí orí bá fọ́ yín lọ́jọ́ kan, owó yín ti wọmi. Ní ọjọ́ ìjókòó, ẹ tún gbogbo rẹ̀ kọ: orúkọ, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù, iye tó kù, ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Èyí tí a ó san, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kan. Èyí tí kò dájú, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé mìíràn. Ẹni tí ẹ bá mọ̀ pé ìnira ló bá a, ẹsẹ tó ṣáájú èyí tí mo dárúkọ pẹ́ díẹ̀, ẹsẹ 280, ní kí a fún un láyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí a bá sì fi jì í, ó dára jù fún wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ẹni tí ẹ fi jì. Gbígbàgbé kì í ṣe ìdáríjì.

Gbèsè tí ẹ̀yin náà jẹ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́: ti olówùú, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ti ọ̀rẹ́ tó yá yín lówó tí kò fẹ́ béèrè. Àwọn baálé ló máa ń fi èyí pamọ́ jù fún ìyàwó wọn. Ẹ rántí pé Ànábì a máa béèrè bóyá òkú jẹ gbèsè kí ó tó kírun sí i lára. Ta ni yóò dáhùn fún yín bí kò bá sí ẹni tó mọ̀?

Nísinsìnyí, a dé orí ìbéèrè wa. Ọjà wà nílẹ̀, gbèsè wà nílẹ̀, a ti mọ iye tó kù. Ta ló ni ín? Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó pe orúkọ gbogbo owó tó wọ inú ìsọ̀ láti òde, a ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá pé: ẹ̀bùn ni, tàbí a yá a ni, tàbí a jọ fi ń ṣòwò ni? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn, ó tán. Bí ó bá jẹ́ yíyá, a ó dá ọjọ́ tí a ó san án. Bí a bá jọ ń ṣòwò ni, a ó sọ iye èrè tó kàn án. Ìdáhùn tí ẹnìkan fún wa lọ́jọ́ kìíní yà mí lẹ́nu. Àbúrò mi ní Èkó ti fi owó ránṣẹ́ nígbà tí òwú wọ́n. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ mọ̀ pé mo yá yín ni." Kò sí ìjà níbẹ̀, nítorí àwa méjèèjì ń rí ojú ara wa. Ká ní ọ̀kan nínú wa ti kú ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ọmọ wọn wà ní Amẹ́ríkà tàbí ìlú Òyìnbó gidigidi. Ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, ìyá ń fi ra ọjà. Ọmọ náà gbà pé òun ń kọ́ ìsọ̀ tí òun yóò bá nílé. Ìyá gbà pé ọmọ òun ń tọ́jú òun. Àwọn àbúrò tó ń gbé àpò òwú lójoojúmọ́ gbà pé ìsọ̀ àwọn ni. Wọ́n lè pè é sórí fóònù ní ọjọ́ ìjókòó. Kò náni ní nǹkan púpọ̀.

Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ ńkọ́? Títí ó fi wà nílé ìwé, ó ń ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti gbéyàwó, tó ṣì ń hun aṣọ fún bàbá rẹ̀, tó sì ń tọrọ owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àràárọ̀, ẹ̀gún wà nínú ọkàn rẹ̀ tí bàbá kò rí. Ẹ bu owó oṣù fún un, kí ó kéré, kí ó sì dájú.

Mo mọ̀ pé àwọn baálé kan yóò ní obìnrin yóò gbójú bí ó bá mọ iye tó wà nílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó dàgbà jù mí lọ. Ẹ wo Khadija, kí Ọlọ́run yọ́nú sí i. Olówó ni kí Ànábì tó fẹ́ ẹ. Òun ló gbé ọjà rẹ̀ lé e lọ́wọ́ lọ sí ilẹ̀ Síríà, ó sì ti sọ ohun tí yóò fún un kí ó tó gbéra. Ohun tí obìnrin ní, tirẹ̀ ni, ìgbéyàwó kò sọ ọ́ di ti ọkọ. Bí ìyàwó bá jẹ́ méjì, kí àwọn méjèèjì wà ní ìjókòó, kí ìyàwó kékeré gbọ́ ohun tí ìyáálé mú wọlé, kí ìyáálé náà sì mọ èyí tí kékeré mú wá. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n kò fẹ́ràn nígbà tí ìyàwó mi kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Àlùfáà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọkọ ni ẹ̀sìn gbé oúnjẹ ilé lé lórí? Kí ló dé tó fi ń ti inú owó àwa méjèèjì jáde?" Mo wá ìdáhùn, n kò rí i. Láti ìgbà náà, owó oúnjẹ ń jáde láti inú ìpín tèmi, a sì ń kọ ọ́.

Ti ìjọba kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá ti forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹ má gbàgbé ìwé ọdọọdún tí a ń fi ránṣẹ́ kí oṣù Júùnù tó parí. Ìṣirò owó orí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ń gbé lọ síwájú ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀, kí oṣù Máàṣì tó parí ni. Ẹni tó ti ka ọjà rẹ̀ ní Dìsẹ́ḿbà ti ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Kí ẹ sì ya àkáǹtì ìsọ̀ ní báǹkì kúrò lára tilé.

Bí a bá ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, a ó kà á sókè, kí ẹni tí kò mọ ìwé náà lè gbọ́. Gbogbo wa ó fọwọ́ sí i tàbí kí a tẹ̀ka. Ẹ̀dà mẹ́ta ni a ń kọ: ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyàwó mi, ọ̀kan lọ́wọ́ Lèmọ́mù, nítorí òun kò ní ìpín nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó jẹun. Ìyàwó mi máa ń se ìrẹsì ní ọjọ́ náà, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó mọ́ nídìí oúnjẹ.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí a jókòó, nígbà tí a dé ojú ìwé àwọn tó jẹ wá ní gbèsè, ọmọbìnrin wa àgbà ló ń kọ ọ́. Ìyàwó mi pe orúkọ àwọn oníbàárà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó pè wọ́n tán, ó ní, "Kọ bàbá rẹ sí i. N50,000. Owó òrùlé." Ọmọ náà wo ojú mi. Mo ní kí ó kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi san án. Ní ọjọ́ tí mo san èyí tó kẹ́yìn, ìyàwó mi fi kálàmù fa ilà sórí rẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ sí i, ó sì pe ọmọ wa méjì wá láti ṣe ẹlẹ́rìí.